Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Lọ Bá Ọkọ Tàbí Ìyàwó Yín Nílùú Ọba: Ẹ Ka Ọjọ́ Padà Sẹ́yìn Kẹ́ ẹ Tó Náwó

Kì í pé ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnìkan má fi voice note ránṣẹ́ sí mi. "Àǹtí mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́, físà tẹ́ ẹ fi lọ bá ọkọ yín yẹn, báwo lẹ ṣe ṣe é?" Mo ti dáhùn ẹ̀ débi pé ó ti sú mi, ni mo bá jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó bá tún bi mí, ibí ni mo máa ní kó wá kà. Ìbàdàn ni mo ti gbéra, Leeds ni ọkọ mi wà, ọdún mẹ́ta gbáko la fi ń fẹ́ra lórí fóònù. Mi ò kí ń ṣe lọ́yà o. Tọ́rọ̀ yín bá lọ́jú pọ̀, bóyá wọ́n ti dá yín padà rí, tàbí ẹ ti dúró kọjá ọjọ́ orí físà rí, ẹ lọ bá lọ́yà físà tó níwèé àṣẹ, ẹ má fi tèmi ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ṣáájú gbogbo ẹ̀ nìyí: àwọn ìwé tí wọ́n ń bèèrè ò le láti rí, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ló lọ́jọ́ tó máa bàjẹ́, bíi tòmátì. Èyí tẹ́ ẹ bá tètè ṣe jù á ti rà kí èyí tẹ́ ẹ fi falẹ̀ tó pọ́n. Gbogbo owó tí mo fi ṣòfò, ibẹ̀ ló bá lọ.

Ẹni yín lọ́hùn-ún, irú páálí wo, ìyẹn ìwé ìgbélùú, ló ní?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí, ẹ má sì jẹ́ kójú tì yín láti bi í, torí mo mọ ẹnìkan tó ti ra báàgì tán kó tó mọ̀ pé ẹni tóun fẹ́ lọ bá ò tiẹ̀ láṣẹ láti mú ẹnikẹ́ni wá.

- Tó bá jẹ́ ọmọ Britain tàbí Ireland, tàbí ó ti ní ìwé ìgbélùú títí láé tí wọ́n ń pè ní ILR, físà tọkọtaya ni tiyín. Òun ni gbogbo nǹkan tó wà nísàlẹ̀ yìí dá lé.
- Tó bá jẹ́ físà iṣẹ́ ló fi wà ńbẹ̀, dependant, ìyẹn ẹbí tó tẹ̀ lé òṣìṣẹ́, lẹ máa jẹ́, tí irú iṣẹ́ ẹ̀ bá gba ẹbí láàyè. Fọ́ọ̀mù ẹ̀ yàtọ̀, owó ẹ̀ yàtọ̀, ẹ má lo iye tí mo kọ síbí.
- Tó bá jẹ́ físà iṣẹ́ títọ́jú arúgbó, iṣẹ́ care tí gbogbo wa mọ̀, ẹni tó bá wọ ojú ọ̀nà yẹn láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024 ò lè mú ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ wá mọ́.
- Tó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, láti oṣù kìíní ọdún 2024 ni wọ́n ti ti ilẹ̀kùn yẹn, àfi ẹni tó ń ṣe PhD tàbí dìgírì onírìísáàṣì, tàbí ẹni tí ìjọba ń sanwó ẹ̀kọ́ ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì ṣègbéyàwó ńkọ́? Ọ̀nà méjì ló wà. Físà àfẹ́sọ́nà wà, oṣù mẹ́fà ni, ẹ gbọ́dọ̀ ṣègbéyàwó láàárín ẹ̀, ẹ ò sì lè ṣiṣẹ́ kankan nínú oṣù mẹ́fà yẹn, lẹ́yìn ìgbéyàwó ẹ tún máa kọ fọ́ọ̀mù mìíràn, ẹ tún máa sanwó mìíràn. Ọ̀nà kejì, tẹ́ ẹ bá ti ń fẹ́ra bíi tọkọtaya fún ọdún méjì ó kéré tán, ẹ lè lọ bẹ́ẹ̀ láìsí ìwé ìgbéyàwó, àti pé láti ìparí oṣù kìíní 2024, wọn ò fi dandan lé e mọ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ ti jọ gbé inú ilé kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọdún méjì yẹn, iṣẹ́ ni o. Tó bá jẹ́ tèmi, tí ẹni yín bá lè wálé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, ẹ ṣe rẹ́jísírì nílé, ẹ sanwó físà lẹ́ẹ̀kan.

Ohun kan ò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀: ẹ gbọ́dọ̀ ti rí ara yín lójúkojú. Ìfẹ́ orí fóònù nìkan, bó ti wù kó gbóná tó, kò wọlé.

Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa sọ kẹ́ ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fo ibí yìí. Ẹ má fò ó. Ẹ pe ara yín lórí fídíò lọ́jọ́ tẹ́nikẹ́ni ò kánjú, kí oúnjẹ ti wà níkùn, kẹ́ ẹ bi ara yín ní ìbéèrè tẹ́ ẹ máa ń fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀:

- Ta ló ń gbé nínú ilé yẹn gan-an? Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilé?
- Gbèsè mélòó ló wà nílẹ̀? Kádì, mọ́tò, àjọ, owó tó yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n?
- Eélòó ló ń lọ sílé fún àwọn òbí lóṣooṣù, ṣé ó máa dín kù tẹ́ ẹ bá dé?
- Tẹ́ ò bá tètè ríṣẹ́ fún oṣù mẹ́rin, kí la máa jẹ?
- Ṣé ìgbéyàwó kankan ti wà rí, tí ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ẹ̀ sì wà lọ́wọ́?

Kẹ́ ẹ sì ní kó fi ilé hàn yín o, kì í ṣe pálọ̀ nìkan. Odidi ọdún méjì lọkọ mi fi ń jókòó sórí àga kan náà tó bá pè mí, ògiri funfun lẹ́yìn ẹ̀, òdòdó oníke kan lápá ọ̀tún, mo sì ti fi ọkàn mi to àga sínú ilé náà tán. Ìgbà tí mo ní kó gbé fóònù rìn káàkiri ni mo tó rí bàtà ọkùnrin mẹ́ta lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò sì sí èyí tó jẹ́ tiẹ̀ níbẹ̀. Yàrá kan ló háyà nínú ilé táwọn mẹ́rin ń gbé. Kò pa irọ́ o, mi ò bi í ni. Ṣé ẹ rí i, ẹni tó máa yẹ fọ́ọ̀mù yín wò náà máa béèrè ilé yìí, ó sàn kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi í.

Ẹ ka ọjọ́ padà sẹ́yìn

Ẹ gbé kàlẹ́ńdà wá. Ẹ fi bírò pupa yí ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ ká, kẹ́ ẹ wá máa ka àtibẹ̀ padà.

- Payslip àti statement bánkì ti oṣù mẹ́fà, èyí tó gbẹ̀yìn ò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 28 lọ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ máa fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́.
- Sátífíkéètì ikọ́ ẹ̀gbẹ, oṣù mẹ́fà péré ló ń lò.
- Ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọdún méjì.
- Rẹ́jísírì, ọjọ́ 21 lẹ máa fi orúkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó so yín pọ̀, tẹ́ ẹ bá gba ọ̀nà tó wọ́pọ̀, tó bá sì ti kọjá oṣù mẹ́ta ẹ máa tún un bẹ̀rẹ̀ ni. Torí náà ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ti lọ fi orúkọ sílẹ̀ kó tó wọ bààlúù.

Èmi, ìwàǹwára mú mi lọ ṣe ti ikọ́ ẹ̀gbẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú mi ń dùn, mo ya fótò sátífíkéètì náà, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ìdílé. Àfi bí ọkọ mi ṣe pààrọ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin torí ibi tuntun fẹ́ fi £200 lé owó ẹ̀ lóṣù. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé oṣù mẹ́fà tí a ń kà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló yẹ kó jẹ́. A bẹ̀rẹ̀ kíkà lọ́tun, kó tó pé, sátífíkéètì mi ti kú, mo tún wọkọ̀ lọ Èkó lọ yàwòrán àyà. Ẹ sọ fún ẹni yín kó má fi iṣẹ́ sílẹ̀ títí fọ́ọ̀mù fi máa wọlé. Tó bá ti pààrọ̀ ẹ̀, ọ̀nà mìíràn wà tí wọ́n fi ń wo owó tó wọlé fún un láàárín oṣù 12, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀ pọ̀ ju ti ẹni tó jókòó síbi iṣẹ́ kan lọ.

Ìgbésẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ

1. Orúkọ yín kọ́kọ́

Kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ tẹ́ pásípọ́ọ̀tù, ìwé ìbí láti ọ̀dọ̀ àjọ NPC, ìwé ìgbéyàwó àti sátífíkéètì ilé ìwé sórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣé orúkọ kan náà ló wà lórí gbogbo wọn? Àwa Yorùbá, orúkọ wa pọ̀, Oluwaseun wà níbi, Seun wà lọ́hùn-ún, oríkì tí ìyá àgbà sọ yín wà nínú ìwé ìbí, kò sí nínú pásípọ́ọ̀tù. Ẹ ṣe àtúnṣe kẹ́ ẹ tó wá físà, tàbí kẹ́ ẹ lọ búra ní kóòtù pé ẹnìkan náà ni gbogbo wọn. Ẹ̀yin obìnrin, tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa jẹ́ orúkọ ọkọ, ẹ yí i sí pásípọ́ọ̀tù kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ fọ́ọ̀mù, àbí kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ pátápátá títí ẹ máa fi dé ọ̀hún. Àárín méjì ni wàhálà wà.

2. Ìwé ìgbéyàwó

Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ dáa, alága ìdúró, alága ìjókòó, ọ̀pọ́n àádùn àti iṣu ogójì, gbogbo ẹ̀ ló dáa. Wọ́n sì ń ka ìgbéyàwó ìbílẹ̀ sí tó bá bófin mu níbi tí wọ́n ti ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa fìdí ẹ̀ múlẹ̀, fótò aṣọ òkè nìkan ò tó. Ìwé rẹ́jísírì kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi yín léèrè púpọ̀. Tí ẹnì kan nínú yín bá ti ṣègbéyàwó rí, ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tàbí ìwé ikú gbọ́dọ̀ wà, "a ti túká tipẹ́" kì í ṣe ìwé.

3. Owó oṣù ẹni yín

Ibí ló ti ń le jù. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2024, £29,000 lọ́dún ni wọ́n ń bèèrè, ó tó £2,417 lóṣù kí wọ́n tó yọ owó orí. £18,600 tí ẹ̀gbọ́n yín sọ fún yín, àtijọ́ nìyẹn. Owó oṣù tiyín ní Nàìjíríà ò kà o, bó ti wù kó pọ̀ tó. Ìlérí ìyá ọkọ pé òun máa ràn yín lọ́wọ́ náà ò kà.

Ohun tó máa fi ránṣẹ́ sí yín:

- payslip oṣù mẹ́fà;
- statement bánkì oṣù mẹ́fà kan náà, kí owó tó wà lórí payslip kọ̀ọ̀kan hàn níbẹ̀ geere;
- lẹ́tà ọ̀gá iṣẹ́ tó sọ ipò ẹ̀, iye tó ń gbà, ìgbà tó ti ń gba iye yẹn, àti irú àdéhùn iṣẹ́ tó wà láàárín wọn.

Ẹ jókòó fi ìka tọ́ka, payslip lápá òsì, statement lápá ọ̀tún, oṣù kan sí oṣù kan. Fún ẹni tówó oṣù ẹ̀ dúró sójú kan, oṣù tó kéré jù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n fi ń ṣírò, torí náà oṣù tó gba ìsinmi láìsí owó lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Owó ọwọ́-sọ́wọ́ tí kò sí lórí payslip, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Tí owó oṣù ò bá tó, owó tó wà ní bánkì lè gbè é. Wọ́n máa kọ́kọ́ yọ £16,000 nínú ẹ̀, kí wọ́n tó fi 2.5 pín ìyókù. Ẹ jẹ́ ká ní £25,000 ni ẹni yín ń gbà lọ́dún, ó ku £4,000, ẹ máa nílò £26,000 tó ti wà nínú àkáǹtì fún oṣù mẹ́fà láìyẹsẹ̀. Tí kò bá sí owó oṣù rárá, £88,500 ni. Owó yẹn lè jẹ́ tiyín náà, ó lè jẹ́ ti ẹ̀yin méjèèjì. Owó tí wọ́n yá yín láàárọ̀ tó máa padà nírọ̀lẹ́ kò lè jẹ́ oṣù mẹ́fà, ẹ má tiẹ̀ gbìyànjú ẹ̀. Tí ẹni yín bá ń gba owó àìlera bíi PIP tàbí owó olùtọ́jú tí wọ́n ń pè ní Carer's Allowance, òfin tí wọ́n máa fi wò ó yàtọ̀, kò níláti pé £29,000.

4. Èdè Gẹ̀ẹ́sì

"Àbí èmi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni?" Mo mọ̀, ó máa ń bíni nínú, ṣùgbọ́n Nàìjíríà ò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n yọ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní dìgírì, ẹ lọ sọ́dọ̀ Ecctis, iléeṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí òkèèrè wò, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n fọwọ́ sí i pé ó bá dìgírì Britain dọ́gba àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ yín, ìyẹn ti tó, ẹ ò nílò ìdánwò. Tẹ́ ò bá ní, ìdánwò A1 ni, gbígbọ́ àti sísọ nìkan. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn lọ ṣe IELTS lásán tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì, kó náwó púpọ̀, kó wá rí i pé kì í ṣe ẹ̀. IELTS Life Skills A1 ni kẹ́ ẹ máa wá, níbi tí UKVI, ẹ̀ka ìjọba Britain tó ń rí sí físà, fọwọ́ sí.

5. Ẹ̀rí pé ìfẹ́ yín kì í ṣe ti páálí

Ẹni tó máa wò ó ò mọ̀ yín rí. Ẹ ro ó bíi pé ẹ ń sọ ìtàn fún àjèjì kan tó kù ìṣẹ́jú 20 kó pa ibi iṣẹ́ dé.

- Fótò bíi ogún, láti ìgbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ dé òní, pẹ̀lú ẹbí àti ọ̀rẹ́, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ àti ibi sábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan.
- Ọ̀rọ̀ WhatsApp, kẹ́ ẹ mú ojú ewé bíi méjì méjì láti oṣù kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe irínwó ojú ewé "báwo ni, ṣé o ti jẹun?" Ọ̀rọ̀ tó dáa jù ni èyí tẹ́ ẹ ti ń jiyàn lórí ilé tàbí tẹ́ ẹ ń bára yín kẹ́dùn, ìyẹn ò ṣeé hùmọ̀.
- Àkọsílẹ̀ ìpè fóònù àti ìwé owó tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ síra yín.
- Tíkẹ́ẹ̀tì bààlúù àti òǹtẹ̀ inú pásípọ́ọ̀tù ìgbà tó wálé.

Ẹ má fi fótò ẹ̀yin méjì lórí bẹ́ẹ̀dì ránṣẹ́ o! Ẹnìkan bi mí léèrè tòótọ́. Rárá.

6. Ilé

Ìwé àdéhùn ilé tàbí lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ lándlọ́ọ̀dù pé ẹ lè wá gbé níbẹ̀, àti fótò yàrá. Kò pọn dandan kó jẹ́ odidi ilé, yàrá lè wọlé tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin méjì nìkan lẹ ni ín, tí ilé ò sì kún jù. Nítorí bàtà mẹ́ta yẹn, ọkọ mi kó lọ sí fúláàtì oníyàrá kan ní oṣù méjì kí a tó kọ fọ́ọ̀mù.

7. Ikọ́ ẹ̀gbẹ

Ẹ ti mọ ìtàn tèmi. Ọ̀dọ̀ IOM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣí lọ sílùú mìíràn, ni, Èkó tàbí Àbújá, ẹ mú pásípọ́ọ̀tù dání. Tẹ́ ẹ bá lóyún, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó yàwòrán àyà. Ẹ ṣe é nígbà tí payslip bá ku méjì kó pé, kì í ṣe ṣáájú.

8. Fọ́ọ̀mù àti owó

Orí ìkànnì ìjọba, gov.uk, ni gbogbo ẹ̀ wà. Ẹ fọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́ẹ̀sì náà, ẹ má tẹ̀ lé líǹkì tẹ́nìkan fi ránṣẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, owó fọ́ọ̀mù láti òkèèrè di £1,938. Owó ìlera £1,035 lọ́dún, ọdún mẹ́ta lẹ máa san lẹ́ẹ̀kan náà, £3,105. Àpapọ̀ nígbà náà jẹ́ £5,043, ẹ ò tíì ka ìdánwò, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti mọ́tò Èkó. Wọ́n máa ń fi owó kún un, púpọ̀ ìgbà ní oṣù kẹrin, ẹ tún un wò kẹ́ ẹ tó san. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó wà lọ́hùn-ún fi kádì tiẹ̀ san án, kádì náírà lè já yín kulẹ̀ láàárín iṣẹ́.

Lẹ́yìn ẹ̀ lẹ máa mú ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ tẹ̀ka. Ẹ ti kó gbogbo ìwé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fúnra yín kẹ́ ẹ tó lọ, kó hàn kedere, kí orúkọ fáìlì fi ohun tó wà nínú ẹ̀ hàn.

9. Ìdúró

Ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n máa ń sọ. Láàárín ẹ̀: ẹ má kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ má ta fíríìjì, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mọ ẹni tó ṣe àríyá tán.

Tí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ẹ ka ìdí ẹ̀ dáadáa. Ẹ lè pẹjọ́ láàárín ọjọ́ 28, £80 tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n fi ìwé nìkan dá a, £140 tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí adájọ́ gbọ́ tẹnu yín. Nígbà mìíràn tó bá jẹ́ ìwé kan ṣoṣo ló sọnù, ó yá ju kẹ́ ẹ tún fọ́ọ̀mù kọ, ṣùgbọ́n owó ni. Ibí lọ́yà ti wúlò jù lọ.

10. Wọ́n fún yín

Físà oṣù 33 ni, ẹ sì láṣẹ àtiṣiṣẹ́. Ẹ ka íméèlì náà ní gbólóhùn gbólóhùn, ẹ wo ọjọ́ tẹ́ ẹ lè wọlé, ẹ má wọ̀ ọ́ ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ẹ ṣí àkáǹtì UKVI yín, orí fóònù lẹ ti máa rí físà náà, kẹ́ ẹ wò ó bóyá orúkọ àti ọjọ́ ìbí yín péye.

Ẹrù: ojúlówó ìwé gbogbo nínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe èyí tó ń lọ sábẹ́ bààlúù. Ẹran, pọ̀nmọ́, wàrà, wọn ò gbà á wọlé, ẹ jẹ́ kí ìyá yín bínú díẹ̀. Gàrí, èlùbọ́ àti ata gígún dáa. Irú, ẹ wé e sínú nylon mẹ́ta, kẹ́ ẹ tún fi sínú rọ́bà tó ní ìdérí, mi ò ní sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí búláòsì funfun mi.

Ohun tó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́

Ẹ́jẹ́ǹtì tó ní "ẹ fọkàn balẹ̀, mo lẹ́nìkan nínú ẹ́mbásì", kò lẹ́nikẹ́ni. Tó bá fi ìwé ayédèrú kan ṣoṣo sínú fọ́ọ̀mù yín, ẹ̀yin ni wọ́n lè fòfin dè fún ọdún mẹ́wàá, òun á ti pààrọ̀ nọ́ńbà. Ẹ máa ka gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ lórúkọ yín kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́.

Ọ̀nà àbùjá kejì ni kẹ́ ẹ gba físà àbẹ̀wò, kẹ́ ẹ dé ọ̀hún kẹ́ ẹ wá yí i sí ti tọkọtaya. Kò ṣeé yí níbẹ̀. Ẹ máa padà wálé ni, irọ́ tẹ́ ẹ sì pa fún wọn nígbà àbẹ̀wò máa wà nílẹ̀ dè yín. Kẹ́ ẹ fi físà àbẹ̀wò lọ wo ibẹ̀ lóòótọ́, kẹ́ ẹ padà, ìyẹn dáa, ó tiẹ̀ ń ṣe ẹ̀rí fún yín.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé lẹ́yìn ìṣírò, ó yá kí ẹni tó wà lọ́hùn-ún padà wálé, tàbí kẹ́ ẹ̀yin náà gba físà iṣẹ́ tiyín. Ìyàwó tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, mi ò mọ ìdí tó fi máa dúró de £29,000 ọkọ ẹ̀.

Oṣù àkọ́kọ́ lọ́hùn-ún

- Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, tó sún mọ́ yín. Ọ̀fẹ́ ni.
- Ẹ béèrè nọ́ńbà National Insurance tí wọ́n fi ń ṣe àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́, kẹ́ ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń mú share code, nọ́ńbà tó ń fi hàn pé ẹ láṣẹ iṣẹ́, jáde fún ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́.
- Ẹ ṣí àkáǹtì bánkì lórúkọ yín. Tiyín nìkan. Àkáǹtì àjọni lè wà lẹ́yìn ẹ̀.
- Ìwé ìwakọ̀ Nàìjíríà, oṣù 12 lẹ lè fi wà á, lẹ́yìn ẹ̀ ẹ máa ṣe ìdánwò tiwọn.
- Ẹ ò láṣẹ láti gba owó ìrànwọ́ ìjọba, torí náà ẹ má fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kankan tẹ́ ò yé.

Pásípọ́ọ̀tù yín, ọwọ́ yín ni kó máa wà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀ torí mo ti gbọ́ tẹni tí wọ́n gba tiẹ̀ "kó má baà sọnù". Tí ẹni tẹ́ ẹ wá bá bá ń lù yín, tàbí ó ń gba owó iṣẹ́ yín, tàbí ó ń fi físà dẹ́rù bà yín pé "mo máa dá ẹ padà sílé", ẹ mọ̀ pé òfin wà tí wọ́n fi ń dáàbò bo ẹni tó fi físà tọkọtaya wọlé tí wọ́n sì fìyà jẹ nínú ilé, ó lè béèrè ìwé ìgbélùú tiẹ̀ fúnra ẹ̀. 999 ni fún ọlọ́pàá. 0808 2000 247 ni fún ìmọ̀ràn, tọ̀sán-tòru, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ ọ́ síbi tí ẹlòmíì ò ní rí i.

Òtútù ò pa mí bí ìdákẹ́jẹ́ ṣe pa mí. Ọkọ mi ń ṣe iṣẹ́ alẹ́, tó bá dé, oorun ló kàn, èmi á wà nínú yàrá, mi ò gbọ́ jẹnẹrétọ̀, mi ò gbọ́ ẹni tó ń kiri ẹ̀kọ, mo tiẹ̀ ń ṣàárò ariwo kọ̀ńdọ́ lórí títì Challenge n'Ìbàdàn. Ọdún mẹ́ta la fi ń sọ̀rọ̀ wákàtí méjì lálaalẹ́ lórí fóònù, a wá wà nínú ilé kan náà, ọ̀rọ̀ ò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lóòjọ́. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ rèé, ẹ lè rẹ́rìn-ín: ó máa ń pè mí láti ibi iṣẹ́ nígbà ìsinmi ẹ̀, ní aago méjì òru, bíi tàtijọ́.

Nǹkan tó kù ni lẹ́tà. Kí oṣù 33 tó pé, ẹ tún máa kọ fọ́ọ̀mù oṣù 30 sí i, wọ́n á sì béèrè ẹ̀rí pé inú ilé kan náà lẹ jọ ń gbé láti ìgbà tẹ́ ẹ ti dé, lẹ́tà bánkì, iná, omi, GP, káńsù (ìjọba ìbílẹ̀ wọn), tó lórúkọ yín àti àdírẹ́ẹ̀sì náà, tí ọjọ́ wọn tàn ká gbogbo àkókò yẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn pa mọ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni yín fi orúkọ yín kún owó omi lọ́jọ́ náà gan-an. Páálí bàtà kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, ibẹ̀ ni mo ń kó wọn sí. Àkọ́kọ́ tó wọnú ẹ̀ ni lẹ́tà owó omi, wọ́n ṣi orúkọ mi kọ, mo pè wọ́n kí wọ́n tún un ṣe.